Ẹ Bi Màmá: Ìrìn Àjò Kérésì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé. Tí Kérésì bá ku ọ̀la ni mo máa ń sáré lọ sọ́jà, n ó tún wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ó ti sú mi.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà jẹ irú ìyà yẹn rí. Abájí, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, la há sí lọ́jọ́ 23 títí ilẹ̀ fi ṣú. Adìẹ méjì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Ní báyìí, oṣù Kọkànlá ni mo ń ra ìrẹsì. Ọjà Dei-Dei ní Àbújá ni mo ti ń ra tòmátò àti tàtàṣé. N ó lọ̀ ọ́, n ó sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, n ó wá fi òróró dín in. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ni mo ń gbéra, ní ìdájí. Òṣogbo ni kó o ti ra ẹran. Télọ̀ ńkọ́? Sọ fún un pé ọjọ́ 5 lo fẹ́ gba aṣọ. Irọ́ ni, mo mọ̀.