Nọ́ńbà Kejì Lára Jíìnsì: Bí A Ṣe Ń Wọn Inú Ẹsẹ̀ Ṣòkòtò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, tó wà ní ọdún kejì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ní kí n bá òun ra jíìnsì. Mo gba ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀ wa: ìbàdí 32, gígùn 42. Ẹni tó ń ta ọjà lórí fóònù sọ fún mi pé kò sí jíìnsì tó ń jẹ́ 42 ní gígùn, pé 36 ló gùn jù lọ́wọ́ òun, mo sì ní kó fi í ránṣẹ́. Nígbà tó dé, ìbàdí rẹ̀ bá ọmọ náà mu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀. Báwo ni 36 ṣe wá gùn ju 42 lọ? Báwo ni kí a ṣe wọ̀n ọ́n tí a bá tún fẹ́ rà, ṣé a sì lè gé èyí tó wà nílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Mà. Télọ̀ yín kò ṣìwọ̀n, nọ́ńbà ara jíìnsì náà kò sì purọ́. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kò bára mu. Láti ìbàdí ni àwa aránṣọ ti máa ń na téèpù, a ó fà á gba ẹ̀gbẹ́ itan wá sí ọrùn ẹsẹ̀, ohun tí a bá sì kà la ń pè ní gígùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí a wọn ṣòkòtò tí a fẹ́ rán sí abẹ́ bùbá, tàbí kẹ̀ǹbẹ̀ tí a ń fi okùn so mọ́ ìdí, nítorí pé aṣọ wọ̀nyẹn fẹ̀ lábẹ́, ẹni tó ni wọ́n ló sì ń pinnu ibi tí yóò so okùn sí. Àwọn tó ń ṣe jíìnsì kì í ka ìbàdí mọ́ gígùn rárá. Ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì ti pàdé lábẹ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn yóò tẹ̀lé ojú rírán tó wà nínú itan títí dé etí ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n inú ẹsẹ̀ yìí ni nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé lẹ́tà L lára àmì ẹ̀yìn ìbàdí: W32 L34 túmọ̀ sí pé ìbàdí jẹ́ íǹṣì 32, inú ẹsẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 34.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé jíìnsì kì í ṣe aṣọ tí a rán sí ara ẹnì kan. Nígbà tí Levi Strauss àti Jacob Davis gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1873 fún irin kéékèèké tó ń di igun àpò ṣòkòtò òṣìṣẹ́ mú kó má baà ya, ọjà tí ẹnikẹ́ni lè rà wọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nílò ìwọ̀n tí kò ní yí padà bí ìbàdí bá lọ sókè tàbí bó wá sílẹ̀. Jíìnsì kan lè wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí, kí òkè rẹ̀ fi íǹṣì 8 péré ju ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé lọ. Òmíràn lè gòkè dé ìdodo, kó fi íǹṣì 11 tàbí 12 jù ú lọ. Tí ẹ bá wọn àwọn méjèèjì láti ìbàdí, gígùn wọn yóò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ibì kan náà ni ẹsẹ̀ wọn yóò balẹ̀ sí. Nínú íǹṣì 42 tí télọ̀ yín kọ sílẹ̀, nǹkan bí íǹṣì 10 jẹ́ ti òkè yìí. Ohun tó kù, tí kò jìnnà sí 32, ni inú ẹsẹ̀ ọmọ yín. Ẹ wá ra 36 fún un.

Ẹ má ṣe fi ìṣirò yẹn rajà, ṣá o. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù ni kí a wọn ṣòkòtò tó ti bá a mu tẹ́lẹ̀. Kó mú èyí tó máa ń wọ̀ pẹ̀lú bàtà tó ń wọ̀ lọ sí kíláàsì, kó yọ bẹ́líìtì rẹ̀, kó ti bọ́tìnnì rẹ̀, kó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó má tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé fóòmù yóò máa rì lábẹ́ aṣọ. Kó ká ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí ojú rírán inú itan ìkejì lè hàn gedegbe, kó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìwúnjọ rẹ̀ láì fà á. Tó bá fọwọ́ kan ibi tí ojú rírán mẹ́rin ti pàdé lábẹ́, yóò rí i pé ó nípọn bíi hóró ẹ̀pà. Àárín kókó yẹn gan-an ni kó fi ìbẹ̀rẹ̀ téèpù sí, kó jẹ́ kí téèpù tẹ̀lé ojú rírán bó ṣe ń tẹ̀ ní itan, títí dé etí ìṣẹ́tí. Ẹni tó bá na téèpù gbọọrọ láì tẹ̀lé títẹ̀ yẹn yóò pàdánù díẹ̀.

Tí kò bá sí ṣòkòtò tó bá a mu, ara rẹ̀ la ó wọ̀n, iṣẹ́ èèyàn méjì sì ni. Kó bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó fi ìwé ẹlẹ́yìn líle sí àárín itan, kó fà á sókè títí yóò fi dúró gírígírí lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Kí ẹnì kejì fi pẹ́ńsù fàlà sára ògiri níbi tí òkè ìwé náà dé, kó sì wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Bí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ka téèpù fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ yóò yẹ̀, nọ́ńbà yóò sì yẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí pé ìwọ̀n ara yìí kanlẹ̀, ẹ óò yọ nǹkan bí íǹṣì 1 kúrò fún jíìnsì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí gbọọrọ, íǹṣì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tó fún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yọ nǹkan kan fún èyí tó fẹ̀ bo bàtà.

Ẹ yẹ téèpù náà wò pẹ̀lú. Téèpù aláṣọ tó ti pẹ́ lọ́rùn télọ̀ máa ń nà, nítorí náà ẹ gbé íǹṣì 12 àkọ́kọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onígi. Bí ẹni tó ń tajà bá fi sẹ̀ǹtímítà sọ̀rọ̀, íǹṣì 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, èyí tó sọ íǹṣì 32 di bíi 81.

Bó bá jẹ́ òkìríkà ni ẹ fẹ́ ṣà ní Lágéré, ẹ mú téèpù dání, kí ẹ má gba ohun tí àmì ẹ̀yìn ìbàdí bá wí. Mo ti rí jíìnsì tí wọ́n kọ 34 sí tó sì jẹ́ 31 nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti gé e. Ìṣẹ́tí tó bá ti ilé iṣẹ́ wá máa ń lọ́ bí okùn, yóò sì ṣá ní ìlà-ìlà. Èyí tí télọ̀ ṣẹ́ lẹ́yìn máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, òwú rẹ̀ sì sábà máa ń yàtọ̀ sí òwú ẹ̀gbẹ́ àpò.

Tí ìwọ̀n ọmọ yín bá bọ́ sí àárín méjì, bíi 31 láàárín 30 àti 32, èyí tó gùn ni kí ẹ rà. Jíìnsì tó gùn ṣeé gé, ṣùgbọ́n èyí tó kúrú kò ní aṣọ nínú ìṣẹ́tí tí a lè tú sílẹ̀. Kódà bí a bá rí díẹ̀ tú, ìlà yóò hàn níbi tó ti ká tẹ́lẹ̀, torí pé aró jíìnsì kì í wọ inú òwú dé àárín. Irú àwọ̀ ẹ̀lú tí àwọn aláró Òṣogbo àti Abẹ́òkúta mọ̀ dáadáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ń po ti jíìnsì lónìí. Ara òwú ló ń dúró sí, ibi tí nǹkan bá sì ń ha ló ti ń ṣá.

Ní ti èyí tó wà nílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Oníbàárà kan gbé jíìnsì tuntun wá ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, mo gé e lójú ẹsẹ̀, ó sì bọ́ sójú bàtà rẹ̀ wẹ́kú. Lẹ́yìn tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó súnkì kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Èmi ni mo ra òmíràn fún un. Aṣọ òwú tó súnkì ní ìdá 3 nínú 100 péré yóò gba nǹkan bí íǹṣì 1 lára íǹṣì 32. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, kó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú bàtà rẹ̀, kí télọ̀ fi píìnì sí ibi tó yẹ kó dúró, kó sì fi íǹṣì 1 sílẹ̀ nísàlẹ̀ píìnì fún ìṣẹ́tí tí a ó ṣẹ́ po ní ìdajì íǹṣì lẹ́ẹ̀méjì. Abẹ́rẹ́ jíìnsì nọ́ńbà 16 tàbí 18 ni kó lò. Níbi tí ojú rírán ti nípọn, kó fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ, kó sì fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ kọjá ibẹ̀.

Bíi íǹṣì 4 ni yóò kúrò lára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ jíìnsì náà bá rí gbọọrọ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, kò ní bàjẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó fún lórúnkún tó sì ṣí nísàlẹ̀ ni, ibi tó ṣí yẹn gan-an ni ẹ óò gé nù, orúnkún aṣọ kò sì ní bọ́ sí orúnkún ọmọ. Ẹ bẹ ẹni tó tà á fún yín pé kó pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá gé e, ẹ má ju awẹ́ méjèèjì tó kúrò nù. Ẹ máa fọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ ṣòkòtò náà kí àwọ̀ wọn lè máa ṣá bákan náà, nítorí pé lọ́jọ́ tí orúnkún bá ya, kò sí aṣọ mìíràn tí télọ̀ lè fi lẹ̀ ẹ́ tí yóò bá a mu bẹ́ẹ̀.