Ṣé títi onímukúmu mọ́lé lè mú kí ó jáwọ́ nínú ọtí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí àbúrò mi ọkùnrin ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́. Bí kò bá tíì mu díẹ̀ láàárọ̀, ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Àwọn ẹbí fẹ́ tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lè jáwọ́. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tì í mọ́lé. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ yẹn ni mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó fi hàn pé ara rẹ̀ ti gbára lé ọtí. Ọtí a máa dẹ ọpọlọ lára. Bí ènìyàn bá wá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ọpọlọ yóò máa sáré ju bó ti yẹ lọ kí ó lè bá a dọ́gba, bí ọtí bá sì dáwọ́ dúró lójijì, eré náà kò ní í dúró. Láàárín wákàtí 6 sí 24 ni ara gbígbọ̀n, òógùn àti èébì máa ń bẹ̀rẹ̀. Gìrì tó jọ wárápá lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nígbà tó bá sì fi máa di ọjọ́ kẹta, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ó má mọ ibi tí ó wà mọ́. Èyí sì lè pa á bí kò bá rí ìtọ́jú. N kì í bá ẹbí jiyàn lórí bóyá àìsàn ni tàbí ìwàkiwà, gìrì kì í dúró gbọ́ ẹjọ́.

Abẹ́ àbójútó dókítà ni kí ó ti jáwọ́. Oògùn bíi diazepam ni a sábà máa ń lò, tí a ó máa dín in kù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú fítámì B1, nítorí àìtó rẹ̀ lè ba ìrántí jẹ́ pátápátá. Kí ó tó rí dókítà, ẹ má gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ ọtí lè máa padà wá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oògùn tó ń jẹ́ naltrexone tàbí acamprosate lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí ó máa rí olùdámọ̀ràn déédéé, kí wọ́n jọ wá wákàtí àti ẹgbẹ́ tó máa ń fà á padà sídìí ọtí, kí wọ́n sì pinnu ohun tí yóò ṣe nígbà náà. Bí ó bá tún mu ún, ẹ tètè padà wá kí a yí ìtọ́jú náà padà. Ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ó ń lo tramadol tàbí codeine pẹ̀lú, kí ẹ sọ fún dókítà, nítorí naltrexone kò gbọdọ̀ bá wọn pàdé nínú ara.