Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọkọ̀ Tó Ń Wá Ẹran Àárín Ibú

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa àwọn ẹran tó ń gbé àárín agbami, tí wọn kì í léfòó, tí wọn kì í sì í fara kan ilẹ̀ òkun títí ọjọ́ ikú wọn, ni lẹ́tà yín ti ń wọlé. A ti ṣa díẹ̀ nínú wọn. Monterey ní Kalifọ́níà ni a ó máa tọ́ka sí jù. Ọ̀gbun ńlá kan bẹ̀rẹ̀ nítòsí èbúté ibẹ̀ gan-an, débi pé ọkọ̀ kì í rìn jìnnà kó tó bá omi jíjìn, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun tí wọ́n ń pè ní MBARI sì ti wà níbẹ̀ láti 1987.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ní tí a bá fa ẹran láti ìsàlẹ̀ mítà 800 wá sókè, ńṣe ló máa bẹ́. Ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

Òótọ́ ni fún ẹran tó bá ní afẹ́fẹ́ nínú. Gbogbo mítà 10 tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú òkun, omi á fi ìwúwo tó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run kún èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní mítà 800, ó ti di ìlọ́po 80. Bí ẹja tó ní àpò afẹ́fẹ́ bá wá ń gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á máa wú, àpòlúkù ẹja á sì gba ẹnu yọ. Ṣùgbọ́n jellyfish (ẹran omi tó rọ̀ bí jẹ́lì), squid (ẹran omi rírọ̀ tó ní ọwọ́ púpọ̀), edé, àti ọ̀pọ̀ ẹja ibú tó jẹ́ pé ọ̀rá ló wà níbi tí afẹ́fẹ́ ì bá wà, kò ní ohun tó lè wú nínú wọn. Omi ló kún ara wọn, omi kì í sì í wú bí afẹ́fẹ́.

Ooru ló ń pa wọ́n. Ní Monterey, omi tó wà ní mítà 600 sí 800 tutù tó dígíríì 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti òkè sì lè tó 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran tó bá gba inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn gòkè, tó tún jókòó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí dẹ́kì fún ìṣẹ́jú 10, kò ní wúlò mọ́ fún ẹni tó fẹ́ rí i láàyè. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fà á sókè lásán. Inú omi tirẹ̀ la ti ń dé e mọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń fi kébù so mọ́ ọkọ̀ máa ń gbé àwọn ọpọ́n ike dídán gbọọrọ tó ní ìdérí lókè àti nísàlẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀, tó jókòó sínú yàrá ìdarí lókè, á rọra gbé ẹnu ọpọ́n lọ bá ẹran náà, á jẹ́ kó wọlé fúnra rẹ̀, á sì ti ìdérí méjèèjì pa. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyí: tí awakọ̀ bá tẹ fáànù rọ́bọ́ọ̀tì díẹ̀ jù, omi tó bá rú á ya ẹran náà sí wẹ́wẹ́ lójú kámẹ́rà. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ lè fi ogún ìṣẹ́jú sí ìdí jellyfish kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó máa kán an lójú.

Kí rọ́bọ́ọ̀tì tó yọ lójú omi ni àwọn tó máa gbà á ti gbọ́dọ̀ dúró. Yàrá tútù ti gbọ́dọ̀ wà ní dígíríì 5, omi òkun tí wọ́n ti sẹ́ ti gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́jú, iná funfun ti gbọ́dọ̀ kú. Iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò, torí pé pupa kì í dé ìsàlẹ̀ ibú, ojú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹran yìí kò sì rí i. (Àwọn ẹja ibú kan tí wọ́n ń pè ní dragonfish wà tó yàtọ̀: wọ́n rí pupa, wọ́n sì ń tan iná pupa tiwọn. Ẹni tó bá ní wọn nínú ike kó pa tọ̀hún náà.)

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé jellyfish láti ọpọ́n bọ́ sínú agbada. Wọn kì í fi àwọ̀n gbé e, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó jáde sí afẹ́fẹ́ rárá. Ṣíbí ìbùmi ńlá ni wọ́n ń rì bọ omi ní ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tú jáde ná. Wọ́n á sún un sí abẹ́ ẹran náà, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi tó yí i ká. Wọ́n á wá rì í pátápátá sínú omi agbada kí wọ́n tó da ṣíbí dé. Èéfọ́ afẹ́fẹ́ kan péré tó bá há sábẹ́ agboorùn jellyfish á máa fà á lọ sókè, á sì lu ara rẹ̀ jáde. Agbada náà rí roboto, omi inú rẹ̀ ń yí lọ láìdúró kí ẹran má bàa fara gbá ògiri.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn tún wà níbẹ̀. Vampire squid, ẹran ibú kan tó jọ squid, ń gbé níbi tí ọ́síjìn ti kéré gan-an nínú omi. Omi tó bá máa gbé e fún ìgbà pípẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi gáàsì nitrogen lé lára ọ́síjìn inú rẹ̀ jáde ná.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ló dé tí wọn ò kàn ju àwọ̀n bí àwa náà ṣe ń ṣe? (Apẹja kan, Ẹ̀pẹ́)

Wọ́n ń jù ú, bàbá. Èyí tó gbajúmọ̀ ń jẹ́ MOCNESS, férémù irin kan tó gbé àwọ̀n púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà máa ń rán àmì sísàlẹ̀ gba inú kébù, àwọ̀n kan á pa dé, èkejì á là. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé èyí wá láti mítà 800 sí 600, ìyẹn láti 600 sí 400, tí ti ibì kan kò ní dà pọ̀ mọ́ ti ibòmíì. Ọkọ̀ kì í sáré ju bíi náọ̀tì 2 lọ (bíi kìlómítà 4 ní wákàtí kan). Férémù gbọ́dọ̀ dà sẹ́yìn ní ìwọ̀n dígíríì 45. Bí ọkọ̀ bá sáré jù, á dà sẹ́yìn kọjá bó ṣe yẹ, ẹnu àwọ̀n á kéré, iye omi tí wọ́n rò pé ó gba inú rẹ̀ kọjá á sì di irọ́.

Àwọ̀n dára fún edé, lanternfish (ẹja kékeré tí ara rẹ̀ ń tan iná) àti gbogbo ohun tó ní eegun tàbí èèpo. Ohun tó bá rọ̀, bí ẹ̀kọ tí wọ́n rún gba ojú asẹ́ ló ń dé. Siphonophore (ìbátan jellyfish tó gùn bí okùn) tí wọ́n ń pè ní Praya lè gùn ju mítà 30 lọ, kò sì sí àwọ̀n tó lè gbé e wá lódidi. Ohun tó sì mú kí àwọn onímọ̀ fojú kéré ẹran rírọ̀ fún ọdún gbọọrọ nìyẹn: ohun tí àwọ̀n gbé wá ni wọ́n ń kà. Ìgbà tí kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n tó rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ní Monterey, Bruce Robison, onímọ̀ kan ní MBARI, àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ sọ ọ́ di àṣà kí rọ́bọ́ọ̀tì máa rìn gbọọrọ ní ìṣẹ́jú 10 ní ìwọ̀n ibú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa ka gbogbo ohun tó bá kọjá lójú kámẹ́rà. A gbà pé kíkà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ṣe pàtàkì ju mímú ẹran tuntun lọ.

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ bá ọkọ̀ irú èyí lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni kó dì? Ẹ̀rù èébì ń bà mí. (Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Houston)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Báàgì aṣọ rírọ̀ ni kó mú, kì í ṣe àpótí líle, torí kò síbi tí wọ́n ń gbé àpótí sí nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì ti gun ara wọn. Kó mú bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, torí wọn kì í gba sílípáàsì láyè lórí dẹ́kì. Kó mú jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn fún yàrá tútù, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná orí tó ní pupa. Oògùn tirẹ̀ tó máa kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, torí ọkọ̀ lè pẹ́ dé. Gaàrí àti ata gígún kò burú nínú ike tó dé dáadáa. Kó má di ẹ̀rọ ìsebẹ̀ oníná kankan mọ́ ọn, torí iná ni wọ́n ń bẹ̀rù jù nínú ọkọ̀.

Ní ti èébì, oògùn tí wọ́n bá lò lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Kó lo tábúlẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ sẹ́yìn etí, wákàtí mẹ́rin ó kéré tán ṣáájú, kó sì fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn bá kan ojú, ìríran á ṣú. Kó kọ́kọ́ bi dókítà léèrè, pàápàá bó bá ní àìsàn ojú tàbí tó ń lo oògùn mìíràn. Atalẹ̀ àti bisikíìtì gbígbẹ máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ibi tó burú jù ni yàrá ìdarí rọ́bọ́ọ̀tì: ó ṣókùnkùn, ojú ń wo àwòrán tó ń yí, ara sì ń gbọ̀n lọ síbòmíì. Bí inú bá ti ń rú u, kó jáde lọ wo ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun, kó má sì fi pamọ́ fún ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mọ́ ọn.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wákàtí 12 ló máa ṣiṣẹ́, kó sinmi 12, kí ẹnì kejì rẹ̀ nínú yàrá máa sùn nígbà tó bá jí. Kó má gbá ilẹ̀kùn. Kó sọ fún alásè ṣáájú kí wọ́n bá a gbé oúnjẹ pamọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru ni wọ́n ń ju àwọ̀n jù? (Tiṣà kan, Òṣogbo)

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹja àti edé tí kò lóǹkà á gòkè láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà wá jẹun nítòsí ojú omi, wọ́n á sì padà kí ojúmọ́ tó mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wá ọkọ̀ abẹ́ omi rí wọn bí ẹni rí ilẹ̀ òkun tuntun, ilẹ̀ tó ń gòkè lálẹ́. Bí ẹ bá ju àwọ̀n ní ọ̀sán nìkan, ìdajì ìtàn lẹ mọ̀.

A fẹ́ fi ẹran omi pamọ́ fún yíyẹ DNA wò. Fọ́málíìnì là ń lò. (Olùkọ́ kan, Abẹ́òkúta)

Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Fọ́málíìnì ń dá ìrísí ara dúró, ó sì ń ba DNA jẹ́. Ẹ gé ẹran ara díẹ̀ sínú ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó fi ìyókù sínú fọ́málíìnì, kí ọtí náà sì pọ̀ ju ẹran lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹran oníjẹ́lì, ẹ pààrọ̀ ọtí náà lẹ́yìn ọjọ́ kan, torí omi ara rẹ̀ á ti bù ú là. Ẹ yàwòrán kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun: ctenophore (ẹran oníjẹ́lì mìíràn tó jọ jellyfish) púpọ̀ ń yòrò pátá nínú fọ́málíìnì, fọ́tò nìkan ló máa ṣẹ́kù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ lébẹ́ẹ̀lì, sórí bébà tí omi kì í rà, kí ẹ sì jù ú sínú ìgò pẹ̀lú ẹran. Ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń nu báírò kúrò, lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ìgò sì máa ń ṣí. Déètì, wákàtí, ibi tí ọkọ̀ wà àti ìwọ̀n ibú ni kí ó wà lórí rẹ̀, kó tó kan orúkọ ẹran.

Ṣé irú ọkọ̀ báyìí ń dé ọ̀dọ̀ wa? (Òǹkàwé kan, Kútọnù)

Ọkọ̀ Dr Fridtjof Nansen, tí ilẹ̀ Norway àti FAO, àjọ oúnjẹ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, jọ ń lò, ti ń ṣiṣẹ́ ní etíkun Áfíríkà láti 1975. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yìí tí wọ́n ń lò ní báyìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Ẹja tí a ń jẹ ló ń kà jù, àmọ́ ó máa ń gba àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tó bá dé sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lè kọ̀wé sí NIOMR, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti Nàìjíríà, ní Èkó, kó béèrè ìgbà tí wọ́n tún máa yan èèyàn.