Lẹ́tà Universal Credit fún ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà.

Ẹ ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń gba ESA, owó ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, pé Support Group lẹ wà, ìyẹn àwọn tí wọn kì í ní kó wáṣẹ́, pé lẹ́tà wá dé tó ní kí ẹ lọ béèrè fún Universal Credit, owó oṣooṣù tó ń rọ́pò ESA, láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n á tún yín yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ máa wá iṣẹ́ kiri. Èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá mi jà, ó ti ba egungun ìbàdí mi jẹ́, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò sì ṣeé ṣe fún mi mọ́.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí èyí ná: bí ẹ bá béèrè kí ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà yẹn tó kọjá, kò sí àyẹ̀wò tuntun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó wọlé. Ipò tí ẹ wà nínú ESA ló máa tẹ̀ lé yín lọ. Support Group ti ESA ni wọ́n ń pè ní LCWRA nínú Universal Credit, ìyẹn ipò ẹni tí wọn kì í ní kó wáṣẹ́ nítorí àìlera, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú owó oṣù àkọ́kọ́ yín. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n máa ń ní kí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dúró kò kàn yín. Ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025, £423.27 lóṣù ni owó LCWRA yìí jẹ́ nígbà náà, lórí £400.14 tí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 25, tí kò ní ọkọ tàbí aya, gbà.

Ohun tí wọn kò sọ fún yín nínú lẹ́tà ni pé ẹ lè ní láti rán wọn létí. Bí mo ṣe béèrè tán ni mo rí i nínú to-do list mi, àkójọ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, pé kí n mú ìwé dókítà wá. Mo pè wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù ní dandan ni, pé bí n kò bá mú un wá, àárín àwọn tó ń wáṣẹ́ ni wọ́n máa kà mí sí. Ọkàn mi já. Mi ò bá a jiyàn. Inú journal, ibi tí a ti ń kọ̀wé sí wọn nínú àkáǹtì Universal Credit lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo lọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́tà Migration Notice, irú èyí tó dé bá yín yìí, ló gbé mi wá, pé mo ń gba ESA títí di ọjọ́ tí mo béèrè, pé Support Group ni mo wà, nítorí náà kí wọ́n fi LCWRA sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ ìwé dókítà kúrò. Ẹlòmíràn ló dá mi lóhùn níbẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ó sì yọ ọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ journal fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Ẹ lè pè wọ́n o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pè tán, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ síbẹ̀. Ọjọ́ àti aago á wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa lè sọ pé ẹ kò wí bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá nira fún yín, ẹ lè béèrè lórí fóònù, àwọn Citizens Advice sì ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Help to Claim, ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun yòókù lọ. Bí ó bá kọjá, ESA á dúró. Bí ara kò bá gbà yín, ẹ ní kí wọ́n sún un síwájú, ṣùgbọ́n ẹ tètè sọ kó tó kọjá. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà nígbà tí tèmi ń sún mọ́lé. Àbúrò mi bá mi tẹ nọ́mbà tó wà lórí lẹ́tà, mo bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra mi, wọ́n sì fi oṣù kan kún un. Bí ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé pátápátá, oṣù kan ṣì wà lẹ́yìn ọjọ́ náà tí ẹ fi lè béèrè láìpàdánù owó ìdáàbòbò.

Owó ìdáàbòbò yìí ni wọ́n ń pè ní transitional protection. Wọ́n á ka gbogbo ohun tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi wé Universal Credit, bí ti tuntun bá kéré, wọ́n á fi ìyàtọ̀ náà kún un. Ẹni tó ń gba Severe Disability Premium, owó àfikún fún ẹni tí àìlera rẹ̀ le, nílò rẹ̀ gan-an, torí Universal Credit kò ní irú owó yẹn. Ṣùgbọ́n kì í pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fi owó kún Universal Credit ní April, iye tí wọ́n fi kún un ni wọ́n á yọ nínú ìdáàbòbò, owó yín á wà lójú kan náà nígbà tí ọjà ń wọ́n sí i. Ó dùn mí, mi ò sì rò pé ó tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Bí ẹ bá fẹ́ ọkọ, tàbí tí ẹ bá pínyà, ó lọ pátá nìyẹn. Ẹni tí lẹ́tà kò tíì dé bá, kó má ṣe fúnra rẹ̀ lọ béèrè láìgba ìmọ̀ràn, torí ìdáàbòbò yẹn lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni owó àkọ́kọ́ máa gbà. ESA àti Housing Benefit, ìrànwọ́ owó ilé, á ṣì wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá béèrè, ẹ kò ní dá a padà. Advance tí wọ́n máa fi lọ̀ yín, ìyẹn owó tí wọ́n ń yánni kí owó àkọ́kọ́ tó dé, gbèsè ni, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, ẹ gba ìwọ̀nba tí ẹ nílò. Owó ilé á máa bọ́ sọ́wọ́ yín lóṣooṣù. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa lọ sọ́dọ̀ onílé tààrà, ẹ sọ ọ́ nínú journal. Ìrànwọ́ lórí council tax, owó orí ilé, yàtọ̀, council gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí. PIP yín, owó ìrànwọ́ fún aláìlera, kò kan ọ̀rọ̀ yìí, kò ní yẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá ní tiwa tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá gba àjọ, tí owó inú báńkì yín sì lé ní £6,000, wọ́n á yọ £4.35 lóṣù lórí £250 kọ̀ọ̀kan tó lé. Bí ó bá kọjá £16,000, kò sí nǹkan kan fún yín. Bí ẹ bá ń bá ẹgbẹ́ tọ́jú owó, kó má ṣe sí nínú àkáǹtì tiyín. Ilé tí ẹ kọ́ sílé náà, wọ́n lè kà á mọ́ ohun ìní, ẹ sọ nípa rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òbí yín tó ti darúgbó ló ń gbé inú rẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà, torí ó lè má kàn yín.

Ti ìrìn àjò ló gbẹ̀yìn. Oṣù kan ni wọ́n gbà kí ẹ lò lókè òkun. Bí ìbátan tó sún mọ́ yín bá kú nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, wọ́n lè fi oṣù kan kún un. Ẹ kọ ọ́ sínú journal kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí mi, kí n bá yín ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù.