Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Hank Gathers àti Loyola Marymount Ayé Ìgbà Yẹn

Látìgbà tá a ti dárúkọ Hank Gathers lójú ewé yìí ni lẹ́tà ò ti dáwọ́ dúró, àwọn tó rántí ẹ̀ ń kọ̀wé, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn náà ń kọ̀wé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ ẹ̀, ọmọ Philadelphia ni, ó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Loyola Marymount, yunifásítì Kátólíìkì kékeré kan ní Los Angeles, ó ṣubú lórí pápá lọ́jọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1990 nígbà tí wọ́n ń bá Portland gbá a, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún 23 péré. Ó ya, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìbéèrè yín.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo rí fídíò kan tí Bo Kimble ti ń fi ọwọ́ òsì ju free throw (bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń dá dúró jù lẹ́yìn fáùlù), èrò ń pariwo, àwọn míì ń sunkún. Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni Kimble ni?*

Rárá o, ọwọ́ ọ̀tún ni Kimble ń lò. Gathers gan-an ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò, àmọ́ free throw ò gbọ́ tiẹ̀ rárá, gbogbo bó ṣe le tó lábẹ́ àwọ̀n yẹn, ẹ ṣá ti ní kó dá dúró kó jù ú jẹ́jẹ́, wàhálà ti dé nìyẹn. Nígbà tó sú u ó gbé e sọ́wọ́ òsì, ó ní bóyá tibẹ̀ á sàn. Kimble mọ gbogbo èyí torí àtikékeré ni wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀: wọ́n jọ gba ife àwọn ilé ìwé girama ìjọba ní Philadelphia lọ́dún 1985 pẹ̀lú Dobbins Tech, wọ́n jọ lọ sí USC, yunifásítì míì ní Los Angeles, ìgbà tí wọ́n yọ kóòṣì tó mú wọn wá síbẹ̀, wọ́n jọ kó ẹrù wọn, ó di Loyola Marymount. Ìgbà tí ìdíje NCAA, ìyẹn ìdíje ife àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ikú Gathers, Kimble ní free throw àkọ́kọ́ tóun bá máa jù nínú máàṣì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ òsì lòun máa fi jù ú, ti ọ̀rẹ́ òun nìyẹn. Máàṣì mẹ́rin ni wọ́n gbá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọlé. Ẹ sì rántí pé Kimble yìí kan náà ló ju póìǹtì jù ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, 35.3 ní máàṣì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù tó bẹ́ẹ̀ ló wá dúró níwájú gbogbo ayé tó ń fi ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n jù jù ú.

*Bọ̀dá, wọ́n ní wọ́n mọ̀ pé ọkàn ẹ̀ ò dáa, wọ́n ṣì ní kó lọ máa gbá bọ́ọ̀lù. Ta ló jẹ̀bi gan-an?*

Òótọ́ ni pé wọ́n mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Lọ́jọ́ 9 oṣù kejìlá 1989, nígbà tí wọ́n ń bá UC Santa Barbara gbá a, ibi tó dúró sí láti ju free throw ló ti dákú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọkàn ẹ̀ ò lù bó ṣe yẹ, wọ́n kọ propranolol fún un, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré jù, kí oṣù náà sì tó tán ó ti padà sórí pápá. Oògùn yẹn gan-an wá ni ìjà, torí ẹni tó jẹ́ pé eré sísá ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀, ẹ wá fún un ní nǹkan tó ń mú ara ẹ̀ wúwo, ó ń ráhùn, wọ́n ń dín in kù, ó tún ń ráhùn, wọ́n tún ń dín in kù. Àyẹ̀wò lẹ́yìn ikú ní àìsàn iṣan ọkàn ni. Ẹbí gbé e lọ sílé ẹjọ́, owó ni wọ́n fi parí ẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ẹ ní ta ló jẹ̀bi. Tèmi ni pé mi ò lè bá Gathers wí. Àdúgbò tálákà ló ti wá ní North Philadelphia, owó NBA ti wà níwájú ẹ̀ tó ń wò ó, oṣù díẹ̀ ló kù, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún wo lẹ máa sọ fún pé jókòó tó máa jókòó? Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ òun ni wọ́n á máa bi pé báwo lara.

*122 póìǹtì nínú máàṣì kan?? Ẹ dákun, ṣé àwọn tó ń bá wọn gbá a ń sùn ni?*

Ó rẹ̀ wọ́n ni, wọn ò sùn. Kóòṣì wọn ni Paul Westhead, òun náà ló gba ife NBA pẹ̀lú Lakers lọ́dún 1980 (ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Shakespeare o, ẹ má fojú di í). Nígbà yẹn òfin fún tíìmù ní ìṣẹ́jú àáyá 45 kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù, Westhead ní méje ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá ju tiyín wọlé báyìí, kí ẹ tó yọ̀ tán ẹnì kan ti fa bọ́ọ̀lù yọ lábẹ́ àwọ̀n, àwọn yòókù ti ń sáré lọ síbi tí kálukú ti mọ̀ pé òun ń lọ, ó ti dọ̀dọ̀ yín. Tó bá sì wá kan yín, wọ́n á ká yín mọ́ láti ìpẹ̀kun pápá, bí ẹ bá já gbà tí ẹ sì rí póìǹtì ọ̀fẹ́ jẹ, kò dùn wọ́n, ohun tí wọ́n ń wá náà nìyẹn, pé kí ẹ bá wọn sáré. Tó bá máa di apá kejì ẹ ti ń di orúnkún mú. Báyìí ni wọ́n ṣe lu US International 181 sí 150 lọ́dún 1989. 122.4 tí wọ́n ń jù ní máàṣì kọ̀ọ̀kan ní sáà 1989-90, kò tíì sí tíìmù Division I (ìpele tó ga jù láàárín àwọn yunifásítì) tó kọjá ẹ̀ títí dòní.

Àwọn kan ní wọn ò mọ béèyàn ṣe ń dí ilé. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ikú Gathers wọ́n fi 149 sí 115 na Michigan tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú, Jeff Fryer tiwọn nìkan ju mọ́kànlá wọlé láti ìta ìlà póìǹtì mẹ́ta. Alabama wá ní àwọn ò bá wọn sáré, wọ́n ń fa bọ́ọ̀lù nílẹ̀ jẹ́jẹ́, Loyola Marymount ṣì na àwọn náà 62 sí 60. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ UNLV, yunifásítì kan ní Las Vegas, ni wọ́n pàdé ẹni tó lè sáré tó tún le, 131 sí 101, UNLV yẹn ló sì gba ife.

*Ṣé Gathers nìkan ló tíì kó póìǹtì àti rebound (bọ́ọ̀lù tó ta padà téèyàn gbà mú) jù ní gbogbo Amẹ́ríkà pọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo?*

Ó di mẹ́ta. Xavier McDaniel ti Wichita State ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1985, Gathers ṣe é lọ́dún 1989 (póìǹtì 32.7, rebound 13.7), Kurt Thomas ti TCU ṣe é lọ́dún 1995. Ó tán.

*Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ Gathers, àmọ́ mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tó ṣubú ló máa kọ́kọ́ wò. Máàṣì wo ni kí n fi hàn án?*

Ẹ ṣé jàre! Ó máa ń bí mi nínú pé tí wọ́n bá ti pe orúkọ ẹ̀, bó ṣe ṣubú ni wọ́n máa ń gbé jáde.

Ẹ wá ti LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, ọjọ́ 3 oṣù kejì 1990, ó ku oṣù kan kó kú. Ilé LSU ni wọ́n lọ bá wọn, Shaquille O'Neal sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú Stanley Roberts tí òun náà ga bí ọ̀pẹ. Gathers ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì méje lọ. Àárín àwọn méjèèjì ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ, Shaq ń gbá a dànù, ó ń padà lọ síbẹ̀ kan náà, wọ́n tún gbá a dànù, ó tún padà lọ. Bọ́ọ̀lù méjìlá ni Shaq gbá dànù lọ́jọ́ yẹn, Gathers sì ju póìǹtì 48. LSU ló borí o, 148 sí 141, ó dé ẹ́kísírá táìmù, nítorí náà ẹ má ṣe é lálẹ́ tó máa lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Ẹ sọ fún un pé tí ẹlòmíì nínú tíìmù wọn bá ti ju bọ́ọ̀lù sókè, kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, nọ́ńbà 44, ìyẹn Gathers, ni kó máa wò.