Ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù ilé kẹ́ ẹ tó yan báńkì

Arábìnrin wa tó kọ̀wé láti Leeds, ẹ kú ìfaradà òtútù o. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣí àkántì ìfowópamọ́ tuntun sí Nàìjíríà kí owó ilé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ lè yé gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín kọjá. Ẹ tún ní báńkì yín àtijọ́ ti ti àkántì yín pa, ó ti tó oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ń pè wọ́n, wọn ò fèsì. Houston ni èmi ń gbé, ojú mi sì ti rí tó nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa sọ fún yín pé báńkì tàwọn ló dáa, ti lágbájá ò dáa. Tèmi ni pé kò sí báńkì tó máa dáa fún ẹni tí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ti kú. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ṣe BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo báńkì fi ń mọ̀ yín, ni gbogbo nǹkan so mọ́. Òun ni OTP, kóòdù ẹlẹ́ẹ̀kan tí báńkì fi ń dá yín mọ̀, ń bá wọlé, òun ni àlẹ́ẹ̀tì ń bá wọlé, òun náà lẹ máa fi tẹ *565*0# bẹ́ ẹ bá gbàgbé BVN yín. Òfin NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, sì ni pé bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí nọ́ńbà ò ṣe ohun tó mówó wọlé fún iléeṣẹ́ tó ni ín, wọ́n lè gé e. Bí oṣù mẹ́fà míì bá tún lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíì.

Bó ṣe ṣe èmi nìyẹn. Mo yọ síìmù mi nínú fóònù, mo fi tíṣù wé e, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀ kan tí owó ẹyọ àti kọ́kọ́rọ́ tí mi ò mọ ilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ wà. Ìgbà tí mo fi máa rántí ẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan dáadáa. Mo fi í sínú fóònù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò wá. Ni mo bá fi nọ́ńbà Amẹ́ríkà pe nọ́ńbà ara mi. Ọkùnrin kan gbé e, ariwo ẹ̀rọ ìlọta ń dún lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe olè, ó ra síìmù ẹ̀ lọ́jà bí gbogbo ayé ṣe ń rà á ni. Mo ṣàlàyé ara mi fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Háà! Ẹ̀yin lẹ lowó tó ń wọlé ní gbogbo ìparí oṣù yẹn? Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé ẹnì kan ń jayé." Ó mọ iye tó wà nínú àkántì mi ju èmi alára lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọlúàbí ni. Báńkì wá ní àfi kí èmi fúnra mi yọjú sí ẹ̀ka tí mo ti ṣí àkántì náà n'Íbàdàn kí wọ́n tó lè yí nọ́ńbà padà. Kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù nítorí nọ́ńbà fóònù!

Nítorí náà, bí síìmù yín bá ṣì ń mí, ẹ wá fóònù àtijọ́ kan fún un, kẹ́ ẹ tan roaming ẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ní oṣù méjì-méjì, ẹ ra káàdì díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì fi pe ẹnì kan tàbí kẹ́ ẹ fi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, torí káàdì tẹ́ ẹ rà tẹ́ ẹ ò ná lè má kà sí lílò. Bó bá ti kú pátápátá, ẹ yí nọ́ńbà BVN padà kẹ́ ẹ tó ṣí àkántì kankan. Ẹ má sì fi síìmù yẹn sọ́wọ́ ará ilé kankan tí ẹ ò lè fi kóòdù àkántì yín sọ́wọ́ ẹ̀, torí ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ BVN àti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, náà rèé, mo mọ̀ pé ó ti sú yín. Láti ọdún 2024 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ní kí àwọn báńkì dè àkántì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, kí owó má lè jáde níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣe tiyín gan-an nìyẹn, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ yín. Ẹni tí kò ní BVN rárá lè ṣe é láti òkè òkun báyìí. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni CBN àti NIBSS, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó BVN, ṣí èyí tí wọ́n ṣe fún àwa tá ò gbé ilé, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa ṣe é, ẹ sì máa sanwó ẹ̀. NIN náà ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nílùú òyìnbó.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti relé ọkọ, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fojú sílẹ̀. Bí orúkọ ọkọ bá wà lórí pásípọ́ọ̀tù yín, tí orúkọ bàbá yín sì wà lórí BVN, tí NIN wá kó àwọn méjèèjì pọ̀, kò sí báńkì tó máa gbà pé ẹnì kan náà ni yín. Ẹ tún èyí ṣe kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde inú ìwé ìròyìn ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Ó wá kan yíyan báńkì. Èlé ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè, èmi ò sì kà á sí. CBN ló ní kí èlé àkántì ìfowópamọ́ má dín sí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iye MPR, ìyẹn èlé ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kéde. Nígbà tí MPR wà ní 27.5% ní ìparí ọdún 2024, 8.25% nìyẹn já sí. Mílíọ̀nù kan náírà tó bá sùn lódidi ọdún, ₦82,500 ni èlé ẹ̀. Ìjọba á yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ku ₦74,250. Ẹ wò ó lójú iye tí àpò sìmẹ́ńtì fi ń gbówó lórí. Bẹ́ ẹ bá sì yọ owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù kan, wọ́n lè má san èlé oṣù yẹn. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ilé lẹ ń kọ́, tí bíríkìlà àti oníyanrìn á máa pè yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ẹ ṣe àkántì méjì: ọ̀kan tí owó á máa sùn sí, ọ̀kan tí ẹ ó máa ná.

Ohun tí mo kà sí ni bóyá owó náà máa wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024, CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. NDIC, àjọ tó ń ṣe ìdójútòfò owó tó wà ní báńkì, ló san owó fún àwọn oníbàárà, títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kan. BVN ni wọ́n fi wá àkántì míì tí oníkálukú ní ní báńkì míì, wọ́n sì sanwó síbẹ̀. Ẹni tó ní àkántì kejì wà nílé ẹ̀ tí owó fi bá a. Mílíọ̀nù márùn-ún yẹn, àwọn báńkì ńlá ló wà fún o. Ti microfinance, ìyẹn àwọn báńkì kéékèèké, mílíọ̀nù méjì péré ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù aláwọ̀ mèremère tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń lò, ìwé àṣẹ microfinance ló wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò wọ́n, èmi náà ń lò ó, àmọ́ ẹ má kó owó òrùlé síbẹ̀.

Àkántì Tier 1, ìyẹn èyí tó kéré jù lọ, ₦300,000 ni owó inú ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ sọ fún wọn pé Tier 3, èyí tó ga jù lọ, lẹ fẹ́. Ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí CBN dá sílẹ̀ fún àwa tá a wà lẹ́yìn odi láti oṣù kìíní ọdún 2025, NRNOA ni wọ́n ń pè é. Ó gba pọ́n-ùn, ó sì gba náírà.

Kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan síbẹ̀, ẹ dán wọn wò. Ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí wọn: "Bí fóònù mi bá sọnù ní Leeds, kí ni mo lè ṣe láì wọ ẹ̀ka yín?" Kẹ́ ẹ wá ka ọjọ́. Èyí tó bá dáhùn pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí ẹ̀ka tó súnmọ́ yín jù lọ," ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n ní kẹ́ẹ̀yàn pè: 0700 lọ̀pọ̀ wọn ń gbé síta, kì í sábà wọlé láti òkè òkun. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234 ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ̀yin ará UK tiẹ̀ ń jẹgbádùn, aago kan náà lẹ̀yin àti ilé ń lò nígbà ooru. Èmi, bí báńkì bá ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjì òru ni lọ́dọ̀ mi, bó bá di ìgbà òtútù a di aago kan. Mo ti jókòó sí kíṣìnì ní aago méjì òru, tí mò ń gbọ́ orin báńkì títí mo fi mọ ibi tí fèrè ti máa wọlé.

Báńkì àtijọ́ yín wá ńkọ́? Ẹ dẹ́kun pípè wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní ẹlẹ́rìí. Ẹ kọ ímeèlì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ kọ "Ẹ̀SÙN" gàdàgbà sórí ẹ̀ lédè òyìnbó, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n ti àkántì, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àkántì náà, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bó bá jẹ́ owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ló há, ẹ fi Session ID ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì ìfowóránṣẹ́ náà, sí i. Ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà ìtọpinpin. Dandan ni kí wọ́n fún yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní láti yanjú ẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka CBN tó ń gba ẹ̀sùn oníbàárà, cpd@cbn.gov.ng, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí báńkì rí i pé ẹ fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi pe báńkì tèmi lásán. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ̀wé sí CBN, àwọn fúnra wọn ló pè mí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá wa fa ìwé yẹn sẹ́yìn?" Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí àkántì ná.

Ẹ má gbé ẹjọ́ yín lọ sórí X. Bẹ́ ẹ bá kọ orúkọ báńkì síbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ò ní pé tí "customer care" kan á fi dáhùn pé kẹ́ ẹ wá sí inbox. Báńkì tí kò fèsì fún oṣù mẹ́ta, níbo ló ti rí ìṣẹ́jú méjì? Gbájúẹ̀ ni. OTP, PIN, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè wọn.

Bí wọ́n bá ní àkántì náà ti sùn, ìyẹn ni pé ọdún kan ti kọjá láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ yín láti jí i. Bó bá sùn fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ CBN ni owó ń lọ, àmọ́ ẹ ṣì lè gbà á padà nípasẹ̀ báńkì. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe ń fọwọ́ síwèé nígbà tẹ́ ẹ ṣí i. Wọ́n dá tèmi padà lẹ́ẹ̀mejì pé kò bá ti àtijọ́ mu, torí ọwọ́ mi ti yí padà. Ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bóyá èdìdì notary, lọ́yà tó ń jẹ́rìí síwèé, ní Leeds tó fún wọn, kẹ́ ẹ má baà wọ rélùwéè lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue, London, lásán.

Ẹ lọ wo síìmù yẹn lónìí, kẹ́ ẹ sì sọ fún mi bóyá ó ṣì ń mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí kò bá mú, ẹ fi nọ́ńbà UK pè é, ká mọ ẹni tó máa gbé e.