Ọmọ Mi Ń Jà Jù: Ṣé Kí N Fi Í Sí Ẹ̀kọ́ Kàrátè?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 kò jẹ́ kí n sinmi. Ọjọ́ kan kì í lọ kí a má gbọ́ ẹjọ́ ìjà rẹ̀ láti ilé ìwé. Wọ́n ti dá a padà sílé rí nítorí pé ó lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn báyìí. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi í síbi tí wọ́n ti ń kọ́ júdò tàbí kàrátè, pé yóò tún ìwà rẹ̀ ṣe. Bàbá rẹ̀ ní ẹni tó bá ń kọ́ oníjà ní ìjà, epo ló ń bù sí iná. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
*Ìyá tí àyà rẹ̀ ń já*

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ìbẹ̀rù bàbá ọmọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì ní orílẹ̀-èdè Norway, Endresen àti Olweus, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2005 lórí àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà, ìjàkadì, irin gbígbé àti eré ìjà ilẹ̀ Éṣíà bíi kàrátè, wọ́n sì rí i pé ńṣe ni ìwà ipá àti ìwàkíwà wọn lẹ́yìn òde eré ń pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ǹ bá ní kí ẹ gbọ́ ti ọkọ yín.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986, Michael Trulson ti tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí mo gbà pé ó sún mọ́ ìbéèrè yín jù lọ. Ó pín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ìwà wọn ti ń yọrí sí ti ọ̀daràn sí ọ̀nà mẹ́ta fún oṣù mẹ́fà. Àwọn kan kọ́ taekwondo, eré ìjà ilẹ̀ Kòríà, bí àwọn àgbà eré náà ṣe fi lélẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àṣàrò àti ìlànà ìwà. Àwọn kan kọ́ ọgbọ́n ìjà nìkan, láìsí ẹ̀kọ́ ìwà kankan. Àwọn yòókù kàn ń sáré, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ìbínú àwọn ti àkọ́kọ́ ti rọlẹ̀ gidigidi, nígbà tí àwọn tó kọ́ ìjà nìkan le ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn jàre, bàbá ọmọ náà sì jàre. Ọwọ́ olùkọ́ tí ọmọ bá bọ́ sí ni yóò pinnu èyí tí yóò ṣẹ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí ó lè yí ọmọ padà, nítorí pé àwọn ènìyàn sábà máa ń rò pé àárẹ̀ ara ni, pé bí ọmọ bá ti rẹ̀ tán kò ní ráyè jà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo júdò, tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Tokyo, nílẹ̀ Japan, ní ọdún 1882. Kí ọmọ tó kọ́ bí a ṣe ń gbé ènìyàn ṣubú, yóò kọ́kọ́ kọ́ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe máa ṣubú láìfarapa: yóò ṣubú sẹ́yìn, yóò ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, láìmọye ìgbà, lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọ tó ń jà nítorí pé kò lè fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni rí òun nílẹ̀ yóò rí i níbẹ̀ pé kò sí ẹni tí kì í ṣubú, títí kan olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni òun àti ẹlòmíràn yóò wọ̀yá ìjà. Bí ẹni tí a dì mọ́lẹ̀ bá ti fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ tàbí ara ẹni tó dì í mú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gbà pé agbára òun kò gbé e, ẹni tó borí sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé inú ṣì ń bí i. Ọmọ yín, tí kò mọ ibi tí a ti ń dá ìjà dúró, yóò máa kọ́ láti dá ọwọ́ dúró ní àkókò gan-an tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ń bá a wí lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán. Ìyẹn ni ìwàásù ilé kì í lè ṣe.

Kàrátè náà ní irú rẹ̀: Gichin Funakoshi, tó gbé e láti erékùṣù Okinawa lọ sí Tokyo ní ọdún 1922, fi í ṣe òfin pé oníkàrátè kì í kọ́kọ́ nawọ́ ìjà. Ti bẹ́líìtì tí àwọn ọmọ ń lé kiri tún wà ńbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ tí ìwé kò yé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Síbẹ̀, mi ò gbàgbé Popole Misenga, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò tí ogun lé kúrò nílé ní kékeré, tó sì bẹ̀rẹ̀ júdò ní Kinshasa. Eré náà gbé e dé ìdíje àgbáyé ní Rio de Janeiro ní ọdún 2013, ibẹ̀ ló ti wá ibi ìsádi. Nígbà tó sì di ọdún 2016, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílùú ní ìdíje Òlíńpíìkì. Òun kan náà ló sọ pé àwọn olùkọ́ òun nílé máa ń ti òun mọ́ inú àgò bí òun bá fìdí rẹmi.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan láìmú ọmọ lọ. Ẹ wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe nígbà tí ọmọ ńlá bá di ọmọ kékeré mú jù. Ẹ wò ó bóyá ó ń bú àwọn tó fìdí rẹmi tàbí ó ń lù wọ́n. Bí ó bá ṣèlérí bẹ́líìtì dúdú, tó jẹ́ ti àwọn tó ti mọ eré náà dunjú, fún yín láàárín oṣù díẹ̀, ẹ dìde kí ẹ máa lọ ilé. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ gbogbo ìtàn ọmọ náà fún un, kí ó lè mọ̀ bí ó bá tún jà nílé ìwé. Ẹ má fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ìjìyà o, nítorí pé ọmọ tí a fi ipá mú lọ kò ní fetí sí ohunkóhun. Ẹ sì bá mi bi í léèrè, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ta ló kọ́kọ́ ń fìtínà rẹ̀ nílé ìwé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí a ń pè ní oníjà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń gba ara wọn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin ni mí, mo jẹ́ ọmọ ọdún 19. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀, n kò sì ní ohun kan pàtó tí mò ń ṣe. Ó wù mí kí n kọ́ júdò, àmọ́ àwọn ará ilé ní ó ti pẹ́ jù, pé kì í sì í ṣe ti obìnrin.
*Ọmọbìnrin kan*

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, bẹ́líìtì funfun ni gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń sán, ọjọ́ orí kò yí i padà. Láti ọdún 1992 ni àwọn obìnrin ti ń gba àmì ẹ̀yẹ júdò ní ìdíje Òlíńpíìkì, nítorí náà ẹ lè fi ìyẹn dá àwọn ará ilé lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni pé kí ẹ yan ibi tí àwọn obìnrin mìíràn ti ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì bi olùkọ́ bóyá ó ń lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà láti ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ̀ǹda ara yín ní kété tí ẹ bá ti mọ bí a ṣe ń ṣubú dáadáa, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn mìíràn fi di olùkọ́ nìyẹn.